Owó Iṣẹ́ Kì í Ṣe Ọrẹ Àánú

Àwọn olóòtú ní kí n kọ nǹkan nípa àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ọ̀gá wọn, nítorí pé nínú gbogbo ẹjọ́ tí àwọn ọmọ ìjọ ń gbé wá sí ọ́fíìsì mi láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹjọ́ yẹn ló pọ̀ jù. Ìwàásù ni mo kọ́kọ́ jókòó láti kọ. Mo ti kọ ojú ewé kan àtààbọ̀ tí mo fi ń bá àwọn ọ̀gá wí. Nígbà tó yá, mo fa ìwé náà ya, torí ẹ̀rí ọkàn mi ò jẹ́ n kọ ọ́ tán. Kí n tó dá ọ̀gá kankan lẹ́jọ́, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa fún yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí mọ ilé ìwé wa, èyí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Olùkọ́ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìyá tó ń gbálẹ̀ àti máìgádì. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 oṣù Keje ọdún 2024, tí ilé ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìsinmi, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà wá bá mi. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Àǹtí, bí àwọn ọmọ ṣe ń pè é. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó wá jókòó sí etí àga bí ẹni pé kò fẹ́ kí àga mọ̀ pé òun jókòó. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ má bínú sà, oṣù mẹ́ta la ò tíì gbowó."

Mo mọ̀. Èmi ni alága ìgbìmọ̀ ilé ìwé. ₦28,000 ni owó oṣù rẹ̀, oṣù mẹ́ta sì di ₦84,000. Ó ṣàlàyé pé onílé ti ń kanlẹ̀kùn, pé mudù gàrí kan ti di nǹkan ńlá, pé àdúgbò Television lòun ti máa ń wọ kẹ̀kẹ́ wá sí Kakuri tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù tó kọjá, ẹsẹ̀ lòun fi ń rìn ín ní àlọ àti àbọ̀. Kò sunkún. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka lẹ́sìnnì fún àwọn ọmọ.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo mi orí. Mo sọ ohun tí àwa pásítọ̀ máa ń sọ: pé ilé ìwé ò rówó, pé àwọn òbí jẹ gbèsè, pé kó ní sùúrù, Ọlọ́run tó ń bọ́ ẹyẹ ojú ọ̀run kò ní gbàgbé rẹ̀. Mo gbàdúrà fún un, àdúrà náà sì gùn. Lẹ́yìn náà ni mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo fún un ní ₦5,000. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, inú mi dùn sí ara mi. Mo rò pé mo ṣe dáadáa.

Ó gba owó náà, ó tún kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó dìde. Ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló yíjú padà. Kò bínú, kò sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún yìí, ṣé wọ́n máa yọ ọ́ nínú owó mi ni?"

Mo ní rárá o. Ó ní, "Ẹ ṣeun sà," ó sì lọ.

Mi ò lè ṣe nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Owó tirẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wa, ẹgbẹ̀rún mẹ́rinlélọ́gọ́rin. Mo mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún sílẹ̀, mo pè é ní àánú, ó sì kúnlẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Àdúrà tí mo gbà fún un, èmi gan-an ni ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo wá ń darí ẹ̀bẹ̀ náà sí ọ̀run.

Ẹ jẹ́ n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ lè mọ ìdí tí ìbéèrè yẹn fi gún mi tó bẹ́ẹ̀. Bàbá mi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1974. Ó lọ wọ rélùwéè ní Ọ̀fà, ó sọ̀kalẹ̀ ní Kàdúná pẹ̀lú àpótí páànù kan. Nígbà yẹn, ìlú aṣọ ni Kàdúná. Wọ́n ti ṣí Kaduna Textile Limited, tí gbogbo èèyàn ń pè ní KTL, láti 1957, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e, débi pé ní Kakuri àti Makera, fèrè ilé iṣẹ́ ló ń jí ọmọdé, kì í ṣe àkùkọ. Kò sí ẹ̀yà tí kò sí níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan jẹ́ Tiv, ìkejì jẹ́ ará Zaria, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ ń jẹ nínú abọ́ kan tí wọ́n bá wà ní ṣíìfù òru.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó gba bàbá mi. Ìdí ẹ̀rọ ìhunṣọ ni wọ́n fi í sí. Ariwo ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe kékeré. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni bàbá mi ti máa ń pariwo sọ̀rọ̀ nínú ilé, a rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé etí ọ̀tún rẹ̀ ti kú sídìí iṣẹ́. Tó bá dé láàárọ̀, fọ́nrán òwú á wà lórí irun rẹ̀ àti nínú irùngbọ̀n, àwa ọmọ á máa ṣà á kúrò bí ẹni ń ṣa èèhù. Mi ò ní parọ́ mọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ o. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n san owó nígbà tó yẹ. Owó yẹn ló rán àwa ọmọ mẹ́rin nílé ìwé.

Nígbà tó yá, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Iná ò sí, epo dúdú tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ wọ́n gógó, aṣọ òkèèrè tó rọ̀ lówó kún ọjà. KTL ti ilẹ̀kùn ní 2002. United Nigerian Textiles, UNTL, náà ti ilẹ̀kùn ní 2007, kí wọ́n tó tún ṣí i ní 2010, tí kò sì padà sí bó ṣe wà mọ́. Tiwọn bàbá mi wà láàárín méjèèjì. Ó jáde lọ fún ṣíìfù àárọ̀, ó bá ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì.

Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ gírátúítì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá síbí, ẹ mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì. Ẹ lọ sọ́hùn-ún, ẹ mú fọ́tókọ́pì ìwé ìgbàṣiṣẹ́. Wọ́n ti pàdánù orúkọ yín, ẹ tún un kọ. Bàbá mi ní fáìlì àwọ̀ ewé kan tó kó gbogbo rẹ̀ sí, ó ń gbé e kiri bí ẹni gbé Bíbélì. Wọ́n máa ń pàdé lábẹ́ igi kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èrò tó wà níbẹ̀ lé ní igba. Ọdọọdún ló ń dín kù, kì í sì í ṣe pé wọ́n sanwó fún ẹnikẹ́ni ló jẹ́ kó dín kù. Bí ọ̀kan bá kú, àwọn yòókù á dá owó jọ fún opó rẹ̀, àwọn tí kò ní yìí náà o.

Ìgbà tí mo wà ní sẹ́mínárì, mo wálé ní ìsinmi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá bàbá mi sọ̀rọ̀ ìdáríjì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á ni, ó ń gbóná lẹ́nu mi. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Kì í ṣe gbèsè tí wọ́n jẹ wá ló ń dùn mí. Olówó náà ń jẹ gbèsè. Bí wọ́n ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀ ló ń dùn mí, bí ẹni pé ọrẹ la wá tọrọ. Wọ́n sọ wá di alágbe lórí owó ara wa."

Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn èèyàn, tí mo fi ń pe àwọn ọ̀gá bàbá mi ní ìkà. Àṣé emi náà ti ní tábìlì tèmi tí àwọn èèyàn ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Kì í ṣe ilé ìwé wa nìkan, mo mọ̀. Ẹ̀ ń gbọ́ ọ, ẹ sì ń rí i. Ẹni tí wọ́n pè ní káṣúà ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, káṣúà náà ló ṣì jẹ́ lónìí. Ìyàwó tó lóyún, wọ́n ní kó lọ bímọ ná, nígbà tó padà dé, ẹlòmíràn ti jókòó sí àyè rẹ̀. Ilé iṣẹ́ mìíràn á gba ojúlówó ìwé ẹ̀rí ọmọ ọlọ́mọ tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kó má bàa lè lọ. Mo lè máa kà á lọ títí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí mo fẹ́ dúró lé lórí.

Ọmọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, ó ti gbà mí láyè láti sọ ọ́. Ó parí OND, kò ríṣẹ́, ló bá lọ ń ta epo ní ilé epo kan. Àdéhùn ẹnu lásán ni, kò sí ìwé. ₦35,000 lóṣù. Ní oṣù àkọ́kọ́, wọ́n ní ṣọ́tẹ́ẹ̀jì wà, pé iye epo tí ẹ̀rọ kà kò bá owó tó kó wálé mu. Wọ́n yọ ₦9,000. Kò jiyàn, ó rò pé òun ò kàwó dáadáa ni. Ní oṣù kejì, wọ́n yọ ti ṣọ́tẹ́ẹ̀jì, wọ́n yọ ti yunifọ́ọ̀mù, wọ́n tún yọ ti ọjọ́ méjì tó pẹ́ dé. Ní oṣù kẹta, ₦11,000 ló dé ọwọ́ rẹ̀. Ó lọ bá máníjà. Máníjà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò mọ̀ pé ibi tí èèyàn bá ti ń ṣiṣẹ́ ló ti ń jẹun ni?"

Ẹ̀yin ará, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ọ̀rọ̀ tó dára ni tẹ́lẹ̀. Àwọn bàbá wa ń sọ ọ́ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, nídìí pẹpẹ ni yóò ti jẹun, tó túmọ̀ sí pé kí iṣẹ́ bọ́ òṣìṣẹ́. Ọkùnrin yìí dojú rẹ̀ délẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé: a mọ̀ pé wàá jí i lára àwọn oníbàárà, a sì ti kà á mọ́ owó oṣù rẹ.

Ọmọ náà kọ́ ọ. Àwọn tó bá níbẹ̀ fi hàn án. Kò ní dá nọ́ńbà ẹ̀rọ padà sí òdo kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta fún ẹni tó kàn, pàápàá tí ẹni náà bá ń wo fóònù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí owó ọkọ̀. Títí tó fi di ọjọ́ kan tí ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa gbé mọ́tò wá ra epo. Ó fi ₦600 rẹ́ ìyá náà jẹ. Ìyá kò mọ̀. Inú rẹ̀ dùn pé ọmọ ìjọ òun ló ń ta epo, ó fún un ní ₦200, ó ní kó fi ra omi mu. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ìyá náà jókòó sí ìlà iwájú, ó dojú kọ àwọn akọrin. Ọmọ ò lè la ẹnu. Ó sọ̀kalẹ̀, ó jáde, ẹ̀yìn ìsìn ló wá bá mi pẹ̀lú omijé.

Mo ní kó lọ dá owó padà, kó sì tọrọ àforíjì. Ó lọ. Ìyá dárí jì í, ó tún gbá a mọ́ra. Mo fi ṣe ẹ̀rí nínú ìwàásù, láìdárúkọ, gbogbo ìjọ ní Halelúyà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú nìyí. Mo mọ ẹni tó ni ilé epo yẹn. Kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, ṣùgbọ́n òun ni alága ìkórè wa lọ́dún yẹn. Ó jókòó sí orí tábìlì ńlá, a ṣẹ́ àsíá sí i lára, èmi fúnra mi gbé makirofóònù lé e lọ́wọ́. Mi ò bá a sọ nǹkan kan. Ọmọ tó jí ₦600, mo mú un wá sí ìrònúpìwàdà. Ẹni tó jẹ ₦24,000 nínú ₦35,000 lóṣù kan, mo gbàdúrà kí Ọlọ́run mú un padà wá láàyè lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ọ̀lẹ wà, olè náà wà. Ẹ má rò pé mi ò mọ̀. Máìgádì wa kan sá lọ pẹ̀lú bátìrì jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kì í tú gbèsè ká. Tí òṣìṣẹ́ bá jalè, ẹ bá a ṣe ẹjọ́ olè. Tó bá ṣiṣẹ́, ẹ san owó iṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí àwa Yorùbá tó ń gbé òkè ọya níbí gbọ́dọ̀ sọ fún ara wa. A máa ń lọ mú ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àbúrò, ọmọ ará àdúgbò wá láti ilé, á wá máa dúró ní ṣọ́ọ̀bù wa láti aago méje àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Tí ẹnì kan bá béèrè èló la ń san fún un, a ó ní, "Kí lẹ̀ ń sọ yẹn? Ọmọ wa ni." Ẹ lọ ka ìtàn Jákọ́bù àti Lábánì dáadáa. Lábánì kì í ṣe àjèjì, àbúrò ìyá Jákọ́bù kọ́ ni tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Ìbátan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó dì mọ́ ọn, ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, Jákọ́bù ń ka oòrùn ọ̀sán àti òtútù òru tó jẹ ẹ́, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni Lábánì yí owó òun padà. Nígbà tó sì máa lọ, sísá ló sá lọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ti sá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ̀ ń pè é ní aláìmoore, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àkọsílẹ̀ yín wò, tẹ́ ẹ bá ní àkọsílẹ̀.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ ilé ìwé wa. Mo fẹ́ pe ìgbìmọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìgbà náà ni ìwọ́de bẹ̀rẹ̀, tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní Kàdúná àti Zaria. Àárín oṣù Kẹjọ la tó lè pàdé. Mo ní kí akápò ka gbogbo owó tó ti jáde láti oṣù Karùn-ún. Ó ka ti sípíkà tuntun tí a rà fún àjọ̀dún ìjọ, ₦620,000, a san án pé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ka àsansílẹ̀ owó kánópì. Ó ka ti ọ̀dà tí a fi kun iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó dé orí owó olùkọ́, ó ṣí ìwé, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo béèrè ìdí tí a fi tètè san ti sípíkà. Díákónì kan dáhùn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ ò rántí ni? Ọkùnrin yẹn jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun ò ní lọ láìgbowó." Gbogbo wa dákẹ́. Ẹni tó lè pariwo la ti sanwó fún. Àwọn tó mọ̀wà hù, àwọn tó ń kúnlẹ̀ kí wa, àwọn la sọ fún pé kí wọ́n ní sùúrù.

Akápò wá sọ pé ẹ̀yin èèyàn, òfin ò mú wa o. Ààrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ buwọ́ lu òfin ₦70,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù, ní 29 oṣù Keje, ọjọ́ kan ṣáájú kí Àǹtí tó wá bá mi. Akápò ní òfin náà yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá ti pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sílẹ̀, àwa ò sì tó bẹ́ẹ̀. Kò parọ́, bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Kí n sọ ọ́ níbí pé nǹkan púpọ̀ wà nínú òfin ilẹ̀ wa tí àwọn òṣìṣẹ́ wa ò mọ̀. Nínú òfin tí wọ́n ń pè ní Labour Act, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ àdéhùn iṣẹ́ sínú ìwé fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé: iye owó, ìgbà tí wọn yóò máa san án, iye wákàtí. Ọ̀gá ò gbọ́dọ̀ yọ owó oṣù fún ìtanràn. Tó bá sì jẹ́ nítorí òfò tí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe tàbí tó fi àìbìkítà ṣe, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lórí ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ṣọ́tẹ́ẹ̀jì ilé epo yẹn, ta ló gbàṣẹ rẹ̀? Tí wọ́n bá sì fẹ́ dá ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún dúró, ìkìlọ̀ oṣù kan ni òfin sọ, kì í ṣe ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì. Tí òṣìṣẹ́ bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ti wọ̀ ọ́: ọ̀gá á san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, òṣìṣẹ́ á san mẹ́jọ. Ilé ẹjọ́ kan sì wà tó jẹ́ pé ẹjọ́ iṣẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, National Industrial Court, ó wà ní Kàdúná níbí pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbà tí wọ́n bá gbà yín síṣẹ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ìwé. Kì í ṣe àfojúdi.

Ṣùgbọ́n èsì tí mo fún akápò lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ti òfin. Mo ní òfin ìjọba lè ka orí wa, kó ní a ò pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nínú ìwé Jákọ́bù orí karùn-ún, mi ò rí i pé wọ́n ka iye òṣìṣẹ́ kí igbe owó tí wọ́n dá dúró tó dé etí Olúwa. Nínú Deutarónómì 24, alágbàṣe kan ṣoṣo ni Mósè ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì ní kí oòrùn má wọ̀ lé owó rẹ̀ lórí. Díákónì kan gbé ti ọgbà àjàrà inú Mátíù jáde, pé olóko lè fi ohun tirẹ̀ ṣe ohun tó wù ú. Mo bi í pé ìgbà wo ni olóko yẹn sanwó? Ó wò mí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni, kò sì sí ẹni tó gba ohun tó dín sí àdéhùn. Ọ̀làwọ́ rẹ̀, lẹ́yìn tó ti san gbèsè ló tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá kan tó jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì, tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, ló parí rẹ̀. Ó ní, "Ìdámẹ́wàá tí à ń retí lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ yìí lóṣooṣù, inú èwo la fẹ́ kí wọ́n ti yọ ọ́?"

A sún àjọ̀dún sí oṣù Kọkànlá, a fagi lé kánópì. A san oṣù méjì fún gbogbo wọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. A ní a ó san ìkẹta tí àwọn òbí bá ti sanwó ní oṣù Kẹsàn-án. A kọ ìwé ìgbàṣiṣẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò sí láti ìgbà tí ilé ìwé ti bẹ̀rẹ̀. A sọ owó náà di ₦40,000. Kì í ṣe owó ńlá, mi ò sì fi yangàn níwájú ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ fi ipò sílẹ̀, ó ní mo fẹ́ fi ìjọ jẹ gbèsè. Mo lọ bá ẹni tó ni ilé epo náà nílé rẹ̀, nígbà tó yá. Ó gbà mí dáadáa, ó fún mi ní mínírà, ó ní òun á wò ó. Kò sì tíì dé ìkórè wa mọ́ láti ìgbà náà.

Àǹtí ò dúró di oṣù Kẹsàn-án. Ilé ìwé kan ní Àbújá gbà á. Ó wá dágbére fún àwọn ọmọ, ó kí gbogbo èèyàn, kò sì mẹ́nu kan oṣù tó kù.

Mo lọ kí bàbá mi ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, fáìlì àwọ̀ ewé yẹn ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Mo jókòó sí apá òsì, níbi tí etí rẹ̀ ti ṣì ń gbọ́, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, ìpàdé, akápò, sípíkà, bí a ṣe sún àjọ̀dún. Mo rò pé á yìn mí.

Ó ní, "Ẹ san gbogbo rẹ̀ pé?"

Mo ní, "Ó ku oṣù kan, sà. Tí àwọn òbí bá ti—"

Ó na ọwọ́, ó pa rédíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ náà ti lọ, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Ẹ fi ránṣẹ́ sí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a yín wá."

Mo fi ránṣẹ́ láti orí fóònù mi kí n tó dìde níbẹ̀, ₦28,000, nínú owó ara mi. Ìgbìmọ̀ san án padà fún mi ní oṣù Kẹwàá. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé: "Mo rí i sà. Ó pé."